Ìtọ̀ Àmúmọ́ra

“Ìtọ̀ ta lò ń tọ̀? Mo ní ìtọ̀ ta lò ń tọ̀ láti àsùbáà? Ṣé odò ló gba inú ẹ kọjá ni?”

Jàmíátù fi àtẹ́lẹwọ́ gbá páànù tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn balùwẹ̀, gbà! gbà! gbà! Adìyẹ tí wọ́n so mọ́ ìdí igi ìbẹ́pẹ fò sókè, okùn fà á padà, ó fìdí sọlẹ̀. Ohun tó ń jáde láti inú balùwẹ̀ ni omi tó kán tó, tó dúró, tó tún kán. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan fi eyín di igbe mú, ó gbé e mì.

“Bàrákátù!”

“Mò ń bọ̀, Màámi.”

“Ò ń bọ̀ láti ìgbà wo? O wọlé, o jáde, o wọlé, o jáde, bí eku tó rí ológbò! Òní tí àwọn àna ẹ ń bọ̀? Òní tí wọ́n á jókòó, tí wọ́n á wò ẹ́ láti orí dé àtàǹpàkò? Bó o bá ń dìde gìrìgìrì lójú wọn báyìí, kí ni kí n sọ fún wọn? Kí n ní ọmọ mi ń lọ ka ìràwọ̀ lẹ́yìnkùlé?”

Ìyá àgbà, Àbẹ̀ní, tó bí ọkọ Jàmíátù, wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fọ́ ẹ̀gúsí. Kò gbójú sókè. “Ọmọbìnrin kì í dìde láwùjọ,” ló wí, bí ẹni ń ka àdúrà tó ti mọ̀ lórí. “Ó ń mú un mọ́ra ni. Títí wọn á fi tú ká.”

Òfin ilé náà nìyẹn. Àbẹ̀ní ló fi lélẹ̀. Ó fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó fi kọ́ Jàmíátù lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e níyàwó wọlé, Jàmíátù sì fi kọ́ Bàrákátù kó tó lè ka álífù dé báà. Èyí tó bá dìde níbi wòlímà, níbi ìsìnkú, níbikíbi tí àgbà bá ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n á ní àpò ìtọ̀ ewúrẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ilé náà kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ògiri ẹ̀yìnkùlé mọ gbogbo wọn lójú.

Ilẹ̀kùn páànù náà ṣí. Bàrákátù jáde, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, èkejì wà lẹ́yìn ìbàdí rẹ̀ bí ẹni tó ru ọmọ. Ọmọ tó ń lọ sí ọdún kẹta ní yunifásítì, tí ìyá rẹ̀ fi ń yangàn níwájú gbogbo ẹni tó bá ra òróró lọ́wọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun bí ẹni tó lá ẹfun. Ọjọ́ Jímọ̀ ló ti iléèwé dé pẹ̀lú ọwọ́ yẹn lẹ́yìn ìbàdí. Ìyá rẹ̀ rí ọwọ́ náà, kò bi í. Ó ń ronú adìyẹ, ó ń ronú iṣu, ó ń ronú àga tí wọ́n máa yá.

Ojú Jàmíátù kọjá ọmọ náà, ó bọ́ sórí sìmẹ́ńtì balùwẹ̀. Bàrákátù ti da omi sí i, ṣùgbọ́n omi náà kò tán lára igun. Ó pọ́n.

“Nǹkan oṣù ẹ ni?”

“Rárá, Màámi.”

Jàmíátù wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, ohùn náà sì burú ju ariwo lọ. “Ta ni?”

“Ta ni kí ni?”

“Ta ni ọkùnrin náà?”

“Màámi, kò sí ọkùnrin kankan. Ìtọ̀ ló ń ta mí bí ata. Ẹ̀yìn ń ro mí, òtútù ń mú mi. Mi ò sùn.”

“Ẹni tí kò rí ọkùnrin, ibo ló ti rí àtọ̀sí?”

Bí wọ́n ṣe ń rò ó nílé yẹn nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń rò ó nílé kejì, nílé kẹta, títí dé ẹ̀yìn odi. Bí orí bá ń fọ́ obìnrin, orí ló ń fọ́ ọ. Bí ikùn bá ń rún un, oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n kí nǹkan kan sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìdodo báyìí, ọkùnrin ló gbé e wá, obìnrin ló lọ gbà á, ilé ló sì gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣéhù, bàbá Bàrákátù, ti inú yàrá jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu. “Kí ló dé tí ariwo yín ń ṣíwájú oòrùn?”

“Ẹ bi ọmọ yín,” ni Jàmíátù wí.

Ó wo ọmọ náà. Ó wo sìmẹ́ńtì. Awakọ̀ ni Ṣéhù, láti Ìlá sí Òṣogbo, ó mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà náà lórúkọ. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ obìnrin bá ti dé, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ló máa ń wá. Ó ti ń tọwọ́ bọ àpò.

“Ara ẹ̀ kò yá. Ẹ gbé e lọ ọsibítù.”

“Ọsibítù wo?” Jàmíátù pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Èyí tí Bọ́láwùmí ti ń ṣe nọ́ọ̀sì? Àbúrò ìyá Àbídèmí, ọmọ ìyá kan náà, ọmú kan náà? Kí àwa fúnra wa ru ẹ̀rí lórí lọ bá àna? Kí Bọ́láwùmí tó bọ́ ìbọ̀wọ́ tó fi yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ti gbọ́ ní Òkè-Ìlá! Wọ́n á ní ọmọ tí Àbídèmí fẹ́ fẹ́, ó ti gba àrùn ní yunifásítì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá, Bàbá Bàrákátù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun, kí wọ́n dá ọjọ́ yìgì, kí wọ́n lọ. Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ó fi mọ́tò gbé wa lọ sí Òṣogbo. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wa.”

“Ọmọ náà ń gbọ̀n.”

“Ibà ni. Ta ni ibà kì í ṣe?”

Ṣéhù fi pákò tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́. “Ìwọ ni obìnrin,” ló wí níkẹyìn. “Ìwọ lo mọ̀ ọ́n.” Ó sì lọ wá ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n máa gbé kalẹ̀ fún àlejò.

Oòrùn ò tíì gòkè tí obìnrin aládùúgbò wọn fi yọ láti ojú àlàfo ọgbà. Dinah lorúkọ rẹ̀, opó ni, Ìyá Olúkúnlé ni wọ́n ń pè é. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ABD fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ohùn olùkọ́ ò sì tíì kúrò lọ́fun rẹ̀. Ó gbé asẹ́ kan dání bí ẹni tó wá dá a padà. Asẹ́ náà, tirẹ̀ ni.

Jàmíátù wà nídìí iná lẹ́yìnkùlé, ó ń fi omi gbígbóná tu ìyẹ́ adìyẹ. Bàrákátù jókòó sórí àpótí, abọ́ kún iwájú rẹ̀, kànìnkànìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fọ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ wà ní dídì.

“Bàrákátù ọmọ mi, kí ló ń ṣe ẹ́?”

“Kò sí nǹkan, Ìyá.”

“Mi ò bi ẹ́ bóyá nǹkan wà. Mo bi ẹ́ pé kí ni. Ògiri ilé wa yìí, atẹ́gùn ló wà fún, kò dí ọ̀rọ̀ lọ́nà.”

Ọmọ náà wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Bóyá ibà ló tú u lẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò retí pé kí wọ́n gbà á gbọ́.

Ó ní ilé ìtọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì wọn, ẹni tó bá ṣí i á tì í padà. Omi kì í gòkè dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwo ìyàgbẹ́ kún, ó dé ẹnu, ó kọjá ẹnu. Àwọn kan ń ṣe é sínú ọ̀rá, wọ́n ń jù ú gba ojú fèrèsé, ẹni tó bá ń kọjá nísàlẹ̀ á gbàdúrà. Ní ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀kọ́, ilé ìtọ̀ kan wà tó mọ́, tí omi ń yọ níbẹ̀, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, àwọn olùkọ́ ló ni ín, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ akọ̀wé, akọ̀wé kì í sí nílé.

“Àwọn ọkùnrin ńkọ́?”

“Wọ́n ń lọ sẹ́yìn ilé, Ìyá.”

“Ẹ̀yin ńkọ́?”

“A kì í mu omi.”

Dinah gbé asẹ́ kalẹ̀.

“Láti àárọ̀ títí a ó fi padà sí yàrá, mi kì í mu omi. Bó bá gbẹ mí lọ́fun jù, màá fi ṣan ẹnu, màá tu ú dànù, bíi ti inú ààwẹ̀. Bí ìtọ̀ bá wá gbọ̀n mí, màá mú un mọ́ra. Mo mọ̀ ọ́n mú mọ́ra ju àwọn yòókù lọ.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá, Kẹ́misọ́lá, ike ọ̀dà ló gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bílẹ̀ bá ṣú, gbogbo wa là ń lò ó.”

“Irú nǹkan báyìí, ṣé ó ti ṣe ẹ́ rí?”

“Kò sẹ́ni tí kì í ṣe nínú yàrá wa. A máa ń ra oògùn lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, a ó dá owó jọ, a ó pín in. Bí títa náà bá ti dín, a ó fi ìyókù pamọ́ de ẹni tó kàn.”

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tó rí owó kun géètì, tó rí owó gbin òdòdó yí ọ́fíìsì ọ̀gá ká, tó sì ń rí ẹni bomi rin òdòdó náà láràárọ̀, kò rí garawa omi kan tí ọmọ ọlọ́mọ máa fi ṣan ìtọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n á gba owó ìwé, wọ́n á gba owó ibùsùn, wọ́n á gba owó ìmọ́tótó. Ìmọ́tótó ta ni? Ẹ bi akọ̀wé tí kì í sí nílé.

“Ọjọ́ Jímọ̀ tí mò ń bọ̀,” ni Bàrákátù ń wí, “mo bẹ awakọ̀ pé kó dúró fún mi. Ó ti kọ́kọ́ dúró fún àwọn ọkùnrin, wọ́n kọjú sígbó, wọ́n ṣe tán, wọ́n wọlé. Nígbà tó kan èmi, ó ní ta ló máa jókòó de obìnrin tó ń wá igbó tó máa sá sí. Ó ní kí n mú un mọ́ra, a ò ní pẹ́ dé. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.”

Ṣéhù ti wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́, ó ti gbọ́ ọ dé òpin. Iwájú bọ́ọ̀sì Ṣéhù, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: KÒ DÚRÓ LỌ́NÀ. Òun fúnra rẹ̀ ló san owó ẹni tó kọ ọ́. Ó gbé páálí náà kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń to àwọn ìgò náà, wọ́n sì ti wà ní títò tẹ́lẹ̀.

Dinah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ìyá Bàrákátù, ẹ fi adìyẹ yẹn sílẹ̀.”

“Kí n fi adìyẹ sílẹ̀, kí n fi kí ni se ọbẹ̀? Asẹ́ yín?”

“Ẹ gbé ọmọ yìí lọ ọsibítù nísinsìnyí. Ibà tó wà lára ẹ̀ yìí, àti ẹ̀yìn tó ń ro ó yìí, nǹkan náà kò sí nínú àpò ìtọ̀ nìkan mọ́. Ó ti ń gòkè lọ sí kíndìnrín. Kò ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú ọkùnrin. Ọmọ jòjòló ń ní in. Èmi tí mo darúgbó yìí ti ní in.”

“Ẹ̀yin ti ní in?” Jàmíátù yíjú padà, ìyẹ́ adìyẹ lẹ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. “Ìyá Olúkúnlé, ó kú ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ síta o! Ẹ má fi tiyín kọ́ ọmọ tèmi. Èmi ò wá wo ohun tó ń lọ nílé yín. Ẹ̀yin tí Olúkúnlé wà nílùú òyìnbó láti ìgbà tí kò rántí pè yín, mo ti bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí?”

“Bó pè mí, bí kò pè mí, ó ń rí ibi tọ̀.”

Ọwọ́ Ṣéhù dúró lórí ìgò. Lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gúsí kò dún mọ́.

“Ẹ̀tẹ̀ lẹ fi sílẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń pa làpálàpá,” ni Dinah wí. Ó gbé asẹ́ rẹ̀. “Mo wà nílé. Mi ò ní lọ síbì kankan lónìí. Bẹ́ ẹ bá pè mí, màá gbọ́. Bẹ́ ẹ ò bá sì pè mí, màá ṣáà máa gbọ́.”

Nígbà tó lọ tán, Jàmíátù nu ọwọ́. Ó wọnú ilé. Ó kó gbogbo omi ọ̀rá tó wà nínú fíríìjì sínú àgbọ̀n, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímu tó wà ní igun, ó ń wọ́ ọ lọ sí yàrá rẹ̀. Bàrákátù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

“Má mu omi kankan mọ́ títí wọn á fi lọ. Ẹ̀kán omi kan kò gbọdọ̀ kan ahọ́n ẹ. Tí kò bá sí nínú ẹ, kò ní máa wá ọ̀nà àtijáde. Ṣó o gbọ́?”

“Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti gbé e pamọ́, Màámi,” ni ọmọ náà wí. “Mo mọ̀ ọ́n ṣe.”

Jàmíátù wọ́ kẹ́ẹ̀gì náà wọlé.

Àbẹ̀ní ti dìde lórí ẹní. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó yára gbé e kúrò. “Jàmíátù, ọmọ yìí gbóná o.”

“Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa.”

Arúgbó náà padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Ìrun àyìlá ni wọ́n kí tán tí àwọn àlejò fi dé láti Òkè-Ìlá nínú mọ́tò kan tó mọ́ tónítóní: Alhaji Àsíìsì, bàbá Àbídèmí, ìyá Àbídèmí, tó ń ta aṣọ òkè, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, àti Bàbá Àkànbí, alága ẹbí, tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kì í tán. Àbídèmí kò bá wọn wá. Ọkọ ìyàwó kì í jókòó níbi tí wọ́n bá ti ń dá ọjọ́ rẹ̀.

Wọ́n kí, wọ́n dáhùn. Wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọ̀nà, wọ́n béèrè iṣu Ọ̀rà, wọ́n ní iṣu ọdún yìí kò dára, wọ́n sì jẹ iyán rẹ̀ gidigidi. Bàrákátù fi gèlè àti ìbòrí bo ara, wọ́n fi àtíkè kun ojú rẹ̀, wọ́n fi ìkunètè pupa bo ètè tó funfun náà. Òun ló gbé omi ká. Ó kúnlẹ̀ níwájú Alhaji, ó bu omi fún un, Alhaji mu ún, ó ní alihamudulilai. Ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Àkànbí, èyí mu kọ́ọ̀bù kan, ó na ọwọ́ fún òmíràn. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá Àbídèmí. Ìyá Àbídèmí gba kọ́ọ̀bù, kò tíì mu ún, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú.

“Ọwọ́ ẹ gbóná.”

“Iná ìdáná ni, àna mi,” ni Jàmíátù dáhùn láti ọ̀nà jíjìn. “Òun ló dá nìkan se gbogbo ohun tí ẹ̀ ń jẹ yìí. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan.”

“Wá jókòó tì mí.”

Bàrákátù jókòó tì í lórí ẹní, ẹsẹ̀ sápá kan, ojú nílẹ̀, bó ṣe yẹ. Bàbá Àkànbí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ti orí Ànábì Ádámà bẹ̀rẹ̀. Ó dé orí ìgbéyàwó tirẹ̀, ìyàwó àkọ́kọ́, bí bàbá ọmọ ṣe lé e jáde, bó ṣe gba ojú ọ̀nà oko padà wọlé, bí ajá ṣe gé e jẹ. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ṣéhù náà ya ẹnu, kò dún.

Bàrákátù fi ọwọ́ di etí ẹní mú. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀.

Ojú Jàmíátù dè é mọ́lẹ̀.

Wọ́n bọ́ sórí ọjọ́. Alhaji ní kó jẹ́ lẹ́yìn ààwẹ̀. Ṣéhù ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ parí ìdánwò. Bàbá Àkànbí ní ìdánwò kò ní kí wọ́n má so yìgì, òun mọ ẹni tó ṣèdánwò pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́sàn-án, ó sì bí ìbejì sínú yàrá ìdánwò, ó gba àmì fún ẹnì mẹ́ta. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

“Màámi,” ni Bàrákátù wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Jàmíátù wú ikọ́. Lórí àga rẹ̀, Àbẹ̀ní náà fẹ́ wú ikọ́, bó ṣe máa ń wú u láyé ọjọ́un nígbà tí ọmọbìnrin kan bá fẹ́ dìde. Ikọ́ náà kò jáde.

Òógùn ti la àtíkè ojú ọmọ náà kọjá. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń gbìyànjú kó má gbọ̀n. Ó dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Mo fẹ́ lọ tọ̀.”

“Jókòó!” Ohùn Jàmíátù jáde kó tó rántí pé àlejò wà.

Bàbá Àkànbí ju ọwọ́ sókè. “Àh! Ẹ jẹ́ kọ́mọ lọ tọ̀! Àbí kí lẹ ní? Èmi tí ẹ̀ ń wò yìí, kí wọ́n tó gbé iyán dé, mo ti kí ògiri ẹ̀yìnkùlé yín lẹ́ẹ̀mejì!”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ náà ti gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ náà kò sì gbé e. Ó di kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà mú. Kọ́tìnnì já, irin rẹ̀ bọ́ lulẹ̀, òun náà sì bá a lọ. Nǹkan kan ń tàn lábẹ́ rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yá, díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ omi.

Jàmíátù sáré. Ó já gèlè orí ara rẹ̀, ó jù ú bo ojú ibẹ̀. “Sóbò ni! Sóbò ló dà sílẹ̀! Ọmọ yìí, mo ní kó ṣọ́ra!”

Kò sí sóbò lórí tábìlì. Fáńtà ni wọ́n gbé kalẹ̀.

Ìyá Àbídèmí ti kúnlẹ̀ ti ọmọ náà, aṣọ olówó rẹ̀ wà nínú omi náà. Ó gbé orí rẹ̀ lé itan. “Láti ìgbà wo?”

“Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mà.”

“Wọ́n ti gbé ẹ dé ọsibítù?”

Bàrákátù kò dáhùn.

“Ètè ẹ ti la. Ìgbà wo lo mu omi kẹ́yìn?”

Alhaji ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àbẹ̀ní ló sọ̀rọ̀.

“Àwa la ní kó má mu ún.”

Ṣéhù dìde. Kò wá kọ́kọ́rọ́. Ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó, ó ti dá àpá sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbé ọmọ náà bó ṣe ń gbé e nígbà tó wà ní kékeré, ó ń jáde lọ. Dinah ti wà lẹ́nu géètì, ó ti so ìró rẹ̀ le, ó ti ṣí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é.

Ìyá Àbídèmí ti gbé fóònù sétí. “Bọ́láwùmí. Ibo lo wà? Dúró síbẹ̀. Wọ́n ń gbé ọmọ kan bọ̀—”

“Ẹ má pè é!” Jàmíátù kígbe. “Àna mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má pe Bọ́láwùmí!”

“—ẹ̀jẹ̀ ló ń tọ̀, ara rẹ̀ ń jó. Pe dókítà.” Ó gbé fóònù kúrò létí, ó wo Jàmíátù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó bá ọkọ rẹ̀ jáde, Bàbá Àkànbí tẹ̀ lé wọn, iyán kù nínú abọ́ rẹ̀, kò sì tún ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu.

Bọ́ọ̀sì Ṣéhù ń dún ní ìta. “Jàmíátù! Wọlé, ká lọ!”

Ṣùgbọ́n Jàmíátù ti gba ọ̀nà kejì. Láìgbé gèlè, láìwọ bàtà, ó sáré lọ bá mọ́tò tó mọ́ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú níhà tí ìyá Àbídèmí jókòó sí.

“Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Kì í ṣe ohun tí ẹ̀ ń rò. Ọmọ mi kò mọ ọkùnrin, mo fi Kùránì búra. Kì í ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ibà lásán ni, lọ́la ara rẹ̀ á ti yá. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bàjẹ́. Ẹ dákun, ẹ bá mi bẹ Alhaji. Ẹ jẹ́ ká dá ọjọ́.”

Bọ́ọ̀sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún fọn ọ́n. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbéra, ó kọjá lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú eruku. Láti ojú fèrèsé, wọ́n rí Dinah tó fi ọwọ́ kan di orí Bàrákátù mọ́ àyà, tó ń fi èkejì gbé omi ọ̀rá sí i lẹ́nu. Jàmíátù kò bojú wẹ̀yìn. Ó ṣì ń bẹ̀bẹ̀.

Ìyá Àbídèmí dúró títí ariwo bọ́ọ̀sì náà fi jìnnà.

“Mi ò bi yín léèrè ọkùnrin,” ló wí. “Bí Ọlọ́run bá dá ọmọ yín sí, a ó lọ kí i ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n ẹ yọwọ́ lára mọ́tò wa. Kò sí ọjọ́ tí a ó dá. Mi ò lè gbé ọmọ-ọmọ tí wọ́n bá bí fún mi lé irú ọwọ́ yẹn.”